Wọ́n fẹ́ yá àbúrò mi tó ń wa bàálù lọ sí Kánádà fún oṣù mẹ́fà. Kí ni ká ní kó bi wọ́n?

Ọmọ Akaba (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí n kò rí ẹni bi ní Kétu ilẹ̀ Benin níbí, ni mo ṣe gbé e wá bá yín.

Àbúrò mi ọkùnrin ń wa bàálù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Igbákejì ni, kò tíì di kápútéènì. Boeing 737 ni wọ́n fi ń kó àwọn tó ń lọ gbafẹ́ létí òkun. Iṣẹ́ wọn máa ń gbóná láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, ó ti dà bí ọjà tó tú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá wọn pè wọ́n jọ, ó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà ń wá awakọ̀ tí yóò bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kẹrin, torí pé ìgbà òtútù gan-an ni àwọn ará Kánádà ń rọ́ lọ sí Mẹ́síkò àti Kúbà láti lọ yá oòrùn. Tí ooru bá dé Yúróòpù, wọ́n á dá tiwọn padà, àwọn awakọ̀ Kánádà kan á sì tẹ̀ lé wọn wá.

Bí màmá wa ṣe gbọ́ "wọ́n fẹ́ yá a" ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ṣé ọmọ àwọn ti di ọkọ́ tí aládùúgbò ń yá ni.

Ìdáná rẹ̀ tún wà nílẹ̀. Àjàṣẹ́ ni àwọn àna wa wà, Sátidé kẹta oṣù kejìlá la jọ dá. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ pé kò sí ìsinmi fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ 15 oṣù kejìlá títí di ọjọ́ 10 oṣù kìíní.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún un kó fi fèsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, kí ni ká ní kó bi wọ́n kó tó fọwọ́ síwèé? Tíṣà ni mí o, ẹ bá mi sọ ọ́ kó yé mi.

Ìyá Sàkíná (Àjàṣẹ́)

Ẹ ní kí màmá nu ojú nù. Ṣé ẹ rí àwọn ọmọ zẹ́mìjàn tó ń fi ọ̀kadà gbé wa káàkiri níbí? Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí oko sinmi, wọ́n á wọ aṣọ zẹ́mì, wọ́n á máa gbé èrò ní Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu. Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò ní rí wọn mọ́, wọ́n ti padà sídìí àgbàdo. Ta ló tà wọ́n?

Èmi ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń san owó ilé tó máa gbé. Ọmọ zẹ́mì tó wá láti abúlé, tí kò bá rí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n sùn sí, owó ilé ló ń gbé èrè rẹ̀ jẹ.

Abẹ́ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Mo wa bàálù fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó wá jókòó ti iṣu mi ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún màmá pé kì í ṣe ọkọ́ ni wọ́n yá. Àáró ni wọ́n ń ṣe. A ro oko tèmi lónìí, a ro tìrẹ lọ́tùn-únla. Màmá mọ àáró jù mí lọ.

Ohun tó bí i ni pé awakọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà fún oṣù mẹ́rin kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ́n, ó sì ń gba àkókò. Bí ilé-iṣẹ́ bá gba iye tí oṣù kẹjọ ń fẹ́, ìdajì wọn á máa sùn lóṣù kejì, owó oṣù á sì máa lọ. Bó bá gba iye tí oṣù kejì ń fẹ́, èrò á há sílẹ̀ nígbà tí ọjà bá kún. Ni wọ́n ṣe ń wá ẹni tí ẹ̀ẹ̀rùn tirẹ̀ bọ́ sí òjò tiwọn. Sunwing ti Kánádà àti TUI ti Yúróòpù ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Transavia ti Họ́láńdì àti Gol ti Bùràsíìlì náà ti yá ara wọn ní bàálù 737 rí, torí pé láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ooru ń mú ní Bùràsíìlì. (Ẹ̀yin ọmọ Àgùdà Àjàṣẹ́, ẹ má sọ pé mi ò dárúkọ ilé bàbá yín.)

Ṣùgbọ́n yíyá pé méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ́ ọ pọ̀ fún un. Nígbà mìíràn, wọ́n ń yá bàálù, awakọ̀, òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ àti adójútòfò rẹ̀ lápapọ̀. Bàálù á gbé lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ ilé rẹ̀ lọ, awakọ̀ á máa lo lisáǹsì ilé rẹ̀. Bí Finnair ti Fínláǹdì ṣe yá Qantas ti Ọsirélíà ní bàálù Airbus A330 méjì láti ìparí 2023 nìyẹn. Ìyẹn kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ti àsìkò: Rọ́ṣíà ló ti òfuurufú rẹ̀ mọ́ Finnair lójú ní 2022, tí bàálù tó ń gba ibẹ̀ lọ Éṣíà wá ń jókòó. Ti àbúrò yín yàtọ̀. Èèyàn nìkan ló ń lọ, bàálù onílé ló máa wà. Ibẹ̀ ni ìwé ti ń le.

Àdéhùn Chicago ti 1944, abala 32, sọ pé orílẹ̀-èdè tí bàálù ti forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún awakọ̀ ní lisáǹsì, tàbí kó fọwọ́ sí èyí tó ti gbà níbòmíràn. Kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí, kì í ṣe ẹni tó ń sanwó oṣù. Nítorí náà, kó má tíì bèèrè owó. Kó kọ́kọ́ bi wọ́n: lẹ́tà wo ló wà lára bàálù tí n ó máa wà?

Mẹkáníìkì Àtijọ́ (Àjàṣẹ́)

Bàbá ti sọ òkodoro. Lẹ́tà yẹn wà lápá ẹ̀yìn, nítòsí ìrù. TY ni ti Benin, 5N ti Nàìjíríà, 5V ti Tógò, F ti Faransé, C ti Kánádà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní pápákọ̀ Cadjehoun ní Kùtọnu, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo orúkọ gàdàgbà tí wọ́n kùn sára rẹ̀. Ọ̀dà ń purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Àwọn ọmọ ìsinyìí rò pé Òyìnbó ló dá pípín awakọ̀ sílẹ̀. Air Afrique ńkọ́? Orílẹ̀-èdè 11 ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ lọ́dún 1961, Dahomey wa, tó ń jẹ́ Benin lónìí, wà nínú wọn. Àbíjàn ni olú ilé-iṣẹ́ wà, TU ti Kodifúà ló wà lára bàálù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Kodifúà nìkan ló ni ín. Ó wọlẹ̀ ní 2002. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àárọ̀.

Ọmọ Akaba (Kétu)

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo pè é lálẹ́ àná. Ó ní C ló wà lára bàálù náà. Ó tún ní lisáǹsì Yúróòpù ni tòun, pé ó gbajúmọ̀, pé òun kò rò pé ìdààmú kan máa wà níbẹ̀.

Abẹ́ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Gbajúmọ̀ kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Lisáǹsì yẹn ń ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ EASA, àjọ tó ń bójú tó ààbò bàálù ní Yúróòpù, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ sí i. Wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná: wọ́n kúrò nínú EASA ní ìparí 2020, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹni tó ń wa bàálù láti Paris kò lè kàn rìn wọ bàálù tó ní lẹ́tà G ti Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù kó máa wà á lọ. Ilẹ̀ àti ilẹ̀ kò jìnnà síra, ìwé ló jìnnà.

Ní Kánádà, Transport Canada, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà, ló ń fún awakọ̀ àjèjì ní ìwé ìfọwọ́sí lórí lisáǹsì tó ti ní. Ó lọ́jọ́ tó ń parí, ó sì ní ohun tó wà fún. Kó bèèrè ta ló máa gbà á, ta ló máa sanwó rẹ̀, kí ni yóò sì máa jẹ bí ìwé náà bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jáde. Mo mọ awakọ̀ tó jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì fún oṣù kan gbáko tó ń retí ìwé, tí wọ́n ń ka ọjọ́ yẹn sí ìsinmi rẹ̀.

Ìyẹ́ Àṣá (Kùtọnu)

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin àgbà. Èmi náà ń wa bàálù, ti kékeré ni, mi ò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní fún ẹ̀gbọ́n Akaba: páásípọ́ọ̀tù wo ni àbúrò yín ń lò?

Ọmọ Akaba (Kétu)

Ti Benin. Ó ní ìwé ìgbélùú ibi tó wà, ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù wa ló ń lò. Kí ló dé?

Ìyẹ́ Àṣá (Kùtọnu)

Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní páásípọ́ọ̀tù Yúróòpù kò ní rántí bi í, ilé-iṣẹ́ náà lè má rántí. Láti Kánádà lọ sí Mẹ́síkò tàbí Kúbà, orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń gbà kọjá. Bí èrò kan bá dákú tàbí ojú ọjọ́ bá burú, Amẹ́ríkà ni wọ́n máa bà sí. Wọ́n sì lè kọ ìrìn àjò Florida sí orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Kánádà sábà máa ń nílò físà tirẹ̀, C1/D ni wọ́n ń pè é, kó tó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù wa, Mẹ́síkò àti Kúbà náà ní ohun tí wọ́n máa béèrè. Kó kọ orúkọ gbogbo ìlú tí ilé-iṣẹ́ Kánádà náà ń fò lọ, kó gbé e síwájú àwọn tó ń ṣètò rẹ̀, kó bi wọ́n físà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Awakọ̀ tí kò lè fò lọ sí ìdajì ibi tí ilé-iṣẹ́ ń lọ, wọ́n máa dá a padà ni. Kò ní jẹ́ pé ó ṣẹ̀.

Àkànbí (Àjàṣẹ́)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó, torí ó ti jẹ mí lápá.

Mi ò kì í ṣe awakọ̀. Òṣìṣẹ́ inú bàálù ni mí nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ kan ń wá èèyàn fún àsìkò Háájì, wọ́n ní oṣù mẹ́ta. Àjáǹsì kan ló gbà wá, àjáǹsì kejì ló ń sanwó, bàálù jẹ́ ti ẹlòmíràn, orúkọ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá. Oṣù kìíní wọlé. Oṣù kejì wọlé ní ìdajì. Ìkẹta di òwe. Mo pe àjáǹsì, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kò tíì san fún àwọn. Mo pe ilé-iṣẹ́, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ mí, àjáǹsì ni àwọn mọ̀. Títí di òní, mi ò rí owó oṣù kan àti ààbọ̀ gbà.

Ìbéèrè mi fún àbúrò yín kò pọ̀. Ta ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé owó oṣù? Bí inú bá ń run ún ní Kánádà, ta ló ń sanwó dókítà? Bí ilé-iṣẹ́ Kánádà bá ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́ lóṣù kejì, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ti Yúróòpù ṣì wà níbẹ̀, àbí ó ti kúrò níbí, kò sì dé ọ̀hún? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó sọ pé "má ṣèyọnu" kò fi ohun kan lé yín lọ́wọ́.

Ìyá Sàkíná (Àjàṣẹ́)

Àkànbí, pẹ̀lẹ́ o. Owó òógùn kì í ṣègbé, ọjọ́ rẹ̀ ni ò tíì pé.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Montréal

Ẹ̀gbọ́n Akaba, ẹ kú àìsùn. Mi ò ṣiṣẹ́ bàálù, èrò ni mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú rí níbí ní oṣù kejìlá 2022 yẹ kí àbúrò yín gbọ́.

Sunwing ti ta tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì, wọ́n sì ti gbọ́kàn lé awakọ̀ àjèjì 63 tó máa ti òkè òkun wá bá wọn fò. Ìjọba Kánádà kò fọwọ́ sí i. Unifor, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣojú àwọn awakọ̀ wọn nígbà náà, ti ta ko ó. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ náà wà. Ìjì yìnyín wá bọ́ lé e lórí. Ọ̀pọ̀ èrò há sí Mẹ́síkò, àwọn kan ń sùn sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ilé-iṣẹ́ sì fagi lé ìrìn àjò tó ń gbéra láti Saskatchewan títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Lẹ́yìn náà ni WestJet rà á.

Ọ̀nà tí awakọ̀ àjèjì ń gbà wọlé síbí ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ni pàṣípààrọ̀: ẹ mú ọmọ yín wá, ẹ mú ọmọ wa lọ. Òmíràn ni kí ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀rí hàn ìjọba pé òun wá ọmọ onílẹ̀ títí, òun kò rí. Ọ̀nà ẹ̀rí yìí ló dí mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 2022. Kí àbúrò yín bi wọ́n èwo ni tiwọn, kó má sì fi ilé tó háyà sílẹ̀ kí ìwé iṣẹ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwé náà sábà máa ń so èèyàn mọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Bí nǹkan bá yí, kò lè rìn wọ ilé-iṣẹ́ tó wà lódìkejì òpópónà.

Bàtà òtútù, kó rà á níbí. Ti Yúróòpù, àwàdà ni.

Òótọ́ Korò (Pọ́bẹ̀)

Ṣé ẹ wá rí i pé àwọn awakọ̀ Kánádà kò fẹ́ wọn? Ọmọ wa á lọ máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wò ó bí olè tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Abẹ́ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Òótọ́ Korò, ọ̀rọ̀ rẹ kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sùúrù tú u. Nínú àáró, bí mo bá wá ro oko rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tí o kò wá ro tèmi rí, àáró kọ́ nìyẹn mọ́, o ti sọ mí di alágbàṣe. Ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bínú sí nìyẹn. Bí awakọ̀ ogún bá wá ní oṣù kọkànlá, ṣé ogún ń lọ ní oṣù karùn-ún? Kí àbúrò wa béèrè iye tó ti Kánádà wá bá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà ooru tó kọjá. Bí wọ́n bá dárúkọ iye tó ṣeé gbọ́, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ti sùn ní yàrá tirẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ń kólòlò, kó mọ inú ilé tó ń wọ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Wákàtí. Wákàtí tí awakọ̀ fò ń tẹ̀ lé e kiri, kò dà bí owó oṣù tí ilé-iṣẹ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀ látòkè. Òfin Yúróòpù ní kò gbọdọ̀ ju 900 lọ láàárín ọdún kàlẹ́ńdà kan, kò sì gbọdọ̀ ju 100 lọ láàárín ọjọ́ 28. Ti Kánádà ní 1,000 láàárín ọjọ́ 365, 112 láàárín ọjọ́ 28. Ọmọ yìí ti ṣe ìgbà ooru tán, ó ti fò títí ó rẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ní 800 kí oṣù kọkànlá tó wọlé, kí ni wọ́n máa rí lò lára rẹ̀ kí ọdún tó parí? Kó sì rántí oṣù kẹfà tó ń bọ̀: ilé-iṣẹ́ rẹ̀ á tún ké sí i, wákàtí tó lò ní Kánádà láti oṣù kìíní wà nínú ìwé rẹ̀ níbẹ̀. Kó kà á lónìí. Kó fún ilé-iṣẹ́ méjèèjì ní iye kan náà. Kí wọ́n kọ òfin ta ni wọ́n máa fi kà á.

Ara kò mọ ìyàtọ̀ òfin Yúróòpù àti ti Kánádà. Àárẹ̀ ni àárẹ̀.

Mẹkáníìkì Àtijọ́ (Àjàṣẹ́)

Bàbá, ìdánwò inú simulator, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bíi bàálù, ńkọ́? Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe é fún wọn. Bí tirẹ̀ bá bọ́ sí oṣù kìíní nígbà tí ọwọ́ kún ní Kánádà, ta ló máa dán an wò, tí ilé rẹ̀ á sì gbà á?

Abẹ́ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ìbéèrè àgbà. Kó ṣe é kó tó lọ, bí ọjọ́ bá gbà á. Kó sì gbé ìwé dókítà rẹ̀ wò bákan náà.

Ìyẹ́ Àṣá (Kùtọnu)

Kí n sọ ti inú bàálù fúnra rẹ̀, torí èèyàn lè rò pé 737 ni 737.

Ohun èlò tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó, ìwọ̀n atẹ́gùn ló ń lò. Níbí àti ní Yúróòpù, hectopascal ni wọ́n ń pè fún wa, 1013 ni ti gbogbogbòò. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, íǹṣì ni, 29.92. Gíga tí a ti ń kúrò lórí ìwọ̀n ìlú bọ́ sórí ti gbogbogbòò yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú ní Yúróòpù, púpọ̀ wọn sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 18,000 ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọ́n ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ á ti lọ yí i kí orí tó rántí. Bí a ṣe ń ríran jìnnà tó, máìlì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Yìnyín ńkọ́? Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á da oògùn sí ìyẹ́ bàálù, èyí tó pupa bí ọsàn láti yọ yìnyín, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó ní àwọ̀ ewé láti má jẹ́ kó tún dì. Àkókò tí oògùn náà ń ṣiṣẹ́ ní òdiwọ̀n, bí ó bá ti kọjá, ẹ padà lọ dà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àbúrò yín ti lè ṣe é rí ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fò lọ etí òkun nígbà ooru kò ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà níbẹ̀. Nínú ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ méjèèjì ní ohun tí wọ́n ń pè fún ara wọn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí onílù tó ń dá ìjàlá lóhùn. Kápútéènì Kánádà pè é, ó retí èsì kan, àbúrò yín fún un ní ti ilé rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi kọ́ ọ ní ọ̀nà tiwọn kó tó gbé èrò? Bí wọ́n bá sọ ọjọ́ méjì, ẹ̀rù á bà mí.

Alábòójútó

Mo ti yọ ìfèsì méjì kúrò. Ọ̀rọ̀ ìbò kò sí níbí. Ẹ padà sórí bàálù.

Ọmọ Akaba (Kétu)

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bá mi san yín. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ mi, mo kà á fún un lórí fóònù, ó kọ ọ́, ó gbé e lọ bá wọn. Ohun tó gbọ́ rèé.

Pàṣípààrọ̀ ni, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń sanwó oṣù, adójútòfò ìlera ti wọn ló ń lò. Kánádà ló ń san ilé, ṣùgbọ́n awakọ̀ méjì ló máa gbé ilé kan. Awakọ̀ 14 ló ń lọ, wọ́n ní 9 ló wá nígbà ooru tó kọjá. Bàbá Abẹ́ Òkè, mo rántí oko yín. Ẹ̀kọ́ ọ̀nà tiwọn, ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́rin nínú simulator. Wákàtí rẹ̀ jẹ́ 811. Ó ní nígbà tó sọ ọ́, ọ̀gá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní àwọn á jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́, kó má fò púpọ̀ títí oṣù kìíní.

Ti físà, Ìyẹ́ Àṣá, kò sẹ́ni tó rò ó. Òun nìkan ni kò ní páásípọ́ọ̀tù Yúróòpù láàárín àwọn mẹ́rìnlá. Obìnrin tó ń ṣètò ìwé wọn ní kó fún òun lọ́jọ́ méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó pè é, ó ní òótọ́ ni, ilé-iṣẹ́ á san owó físà Amẹ́ríkà, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí físà kò bá jáde, ipò rẹ̀ ní Yúróòpù kò ní yẹ̀. Ó ní kí n kí yín, pàápàá ẹ̀yin.

Ó ti fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Ó ku ìdáná.

Ìyá Sàkíná (Àjàṣẹ́)

Ẹ má sọ fún mi pé orí fóònù lẹ máa ti ṣe é. Ta ló máa dọ̀bálẹ̀? Fóònù kò lè dọ̀bálẹ̀ fún àna. Oṣù kẹrin ló ń parí iṣẹ́, ẹ sún un sí oṣù karùn-ún.

Ọmọ Akaba (Kétu)

Ìyá, ohun tí a rò náà nìyẹn. Mo wọ ọkọ̀ wá sí Àjàṣẹ́ lánàá láti wá bá wọn sọ ọ́. Alhaji gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Mẹ́kà ni àwọn ń lọ ní oṣù karùn-ún.

Mẹkáníìkì Àtijọ́ (Àjàṣẹ́)

Háà! Àsìkò yín àti àsìkò wọn kọlu ara. Lọ́dún 2026, ìparí oṣù karùn-ún ni Àrẹfà bọ́ sí, bàálù á ti máa kó wọn ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni Háájì fi ń tètè dé sí i lọ́dọọdún, tó bá fi máa di 2033, oṣù kẹta ni. Ẹ mọ̀ pé ìyẹn á yí ọjà bàálù padà? Ní àwọn ọdún tó kọjá yìí, ẹ̀gbẹ́ ìgbà ooru Yúróòpù ni Háájì wà, ẹni tó fẹ́ yá bàálù fún un ń bá àwọn tó ń lọ etí òkun du ú. Tó bá padà sínú òtútù, bàálù àti awakọ̀ Yúróòpù tó ń sùn á wà nílẹ̀ fún un.

Abẹ́ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ ò fi ìyàwó sílẹ̀ de 2033, ṣá?

Ọmọ Akaba (Kétu)

Bàbá, ẹ dákun. Alhaji ní tí wọ́n bá ti fún àwọn lọ́jọ́ bàálù, àwọn á mú Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, kí àwọn lè gba ìdọ̀bálẹ̀ kí àwọn tó gbéra. Màmá wa ti gbà, ẹkún ti dáwọ́ dúró. Aṣọ òtútù ló kù tí wọ́n ń bèèrè báyìí, wọ́n fẹ́ fi òfì kan ránṣẹ́.

Alhaji tún bi mí pé bàálù tó máa gbé àwọn, ti ta ni. Wọ́n ní lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n wọn lọ, orúkọ ilẹ̀ kan ló wà lára rẹ̀, èdè ilẹ̀ mìíràn ni kápútéènì fi kí wọn. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Mẹkáníìkì Àtijọ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ìrù rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó wọlé. Ẹ gbé e síbí, n ó sọ fún yín.